Ẹja Tó Lúwẹ̀ẹ́ Lọ Kò Tíì Yè

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe níwájú ẹgbẹ́ àwọn apẹja ìdíje nìyí. Mo ti yọ ikọ́ àti "ṣé ẹ ń gbọ́ mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún" kúrò. Àwọn ibi tí mo ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ sáwọn èèyàn, mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o. Alága, ẹ ṣeun. Orí ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú. Kí ọkàn yín balẹ̀, n kò ní dé orí kẹfà.

Gbogbo yín lẹ ti wà níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹja. Márùn-ún lára bass, ẹja adágún àti odò tí a fi ń díje, á jáde nínú àpò, wọ́n á gun òṣùwọ̀n, èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì kó wọn padà sínú adágún. Ẹja á fi ìrù lu omi, ó di fẹ́ú. Ẹni tó gbé e sílẹ̀ á wá yíjú sí wa, á ní, "Ẹ rí i? Ara rẹ̀ le koko." Èmi á ní, ta ló sọ fún ọ? Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ ni o rí. Ẹja tó lúwẹ̀ẹ́ lọ kò tíì yè. Ẹja tí ìyà ti jẹ láti àárọ̀ lè fi agbára tó ṣẹ́kù sí i lára sá fún ọ lónìí, kó sì kú lọ́túnla ní ìsàlẹ̀ omi, níbi tí kámẹ́rà ẹnikẹ́ni kò dé. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn òṣùwọ̀n gan-an ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

N kò sọ pé a kò sún kúrò níbi tí a wà. Nígbà tí Ray Scott ṣe ìdíje bass rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Adágún Beaver ní Arkansas lọ́dún 1967, kò sí ẹni tó ń ronú nípa dídá ẹja padà. Ọdún 1968 ló dá B.A.S.S., ẹgbẹ́ àwọn apẹja bass, sílẹ̀, ó sì di 1972 kó tó gbé ìpolongo rẹ̀ jáde pé kí a má pa ohun tí a bá mú. Láti ìgbà náà ni àpótí omi inú ọkọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní livewell, ti di ohun tí apẹja ìdíje kò lè ṣe aláìní. Iṣẹ́ ńlá ni ọkùnrin yẹn ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, a ń jẹ èrè rẹ̀, a kò sì fi kún un tó bó ti yẹ.

Ẹ wo òfin ìjìyà wa. Nínú ìdíje Bassmaster, tí ẹgbẹ́ B.A.S.S. ń ṣe, bí ẹja rẹ bá ti kú kó tó dé orí òṣùwọ̀n, wọ́n á yọ áúnsì 4 kúrò nínú ìwọ̀n rẹ. Áúnsì 16 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Nítorí náà, òkú ẹja pọ́n-ùn 5 á ṣì mú pọ́n-ùn 4 àti áúnsì 12 wá fún ọ. Ó sàn ju kò sí lọ, áúnsì 4 sì lè gba ipò kìíní lọ́wọ́ èèyàn. Àmọ́ kí ni òfin yẹn ń kọ́ wa? Ó ń kọ́ wa pé kí ẹja máà kú títí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Ẹja tí a wọ̀n ní Sátidé, tó wá kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, áúnsì mélòó? Òdo. A dà bí awakọ̀ tó jẹ́ pé ibi tó bá ti rí ọlọ́pàá nìkan ló ti ń rọra sáré.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú àpótí omi. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ fara dà á.

Ẹja tó ti jà lórí ìwọ̀ dà bí ẹni tó sá eré àsápajúdé. Gbèsè ọ́síjìn wà lọ́rùn rẹ̀. A wá sọ ọ́ sínú àpótí pẹ̀lú ẹja mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọ jẹ irú gbèsè kan náà, a pa ìdérí dé, a sì fi ẹ̀rọ ọkọ̀ fò lórí ìgbì. Omi tó tutù dé ìwọ̀n 20 lórí Celsius lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn nínú lítà kan. Bí omi náà bá gbóná dé 30, kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Ẹja kì í sì í ṣe bíi tiwa tí ara wa ní ooru tirẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni ara rẹ̀ ń gbóná, bí ara rẹ̀ bá sì ṣe ń gbóná ni ọ́síjìn tó ń béèrè ń pọ̀ sí i. Oúnjẹ dín, ebi pọ̀. Bí ọ́síjìn bá wá lọ sílẹ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ, ìyà ti ń jẹ bass nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì dúró ṣánṣán tó ń wò ọ́.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ti ṣe é. Lọ́dún kan nínú oṣù keje, mo fi pọ́ọ̀ǹpù àpótí omi mi sórí kó máa ṣiṣẹ́ kó máa sinmi, torí pé mo ń ṣahun bátìrì. Ẹja mi márààrún ló dé orí òṣùwọ̀n láàyè, wọn ò yọ áúnsì kankan, mo sì rẹ́rìn-ín wálé. Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ wá ìwọ̀ tí mo gbàgbé sétí omi. Mẹ́ta ló léfòó síbi tí wọ́n ti dá ẹja sílẹ̀. N kò lè búra pé tèmi ni wọ́n. N kò sì lè búra pé kì í ṣe tèmi. Láti ọjọ́ náà ni pọ́ọ̀ǹpù mi kò ti sinmi mọ́. Bátìrì ṣeé rà.

Bí ojú omi bá gbóná, má máa fa omi ojú adágún wọlé ṣáá, torí omi yẹn gbóná ju ibi tí o ti fa ẹja jáde lọ. Jẹ́ kí omi inú àpótí máa yí po, kí o sì fi omi dídì tù ú. Inú ìgò tí o dé pa ni kí omi dídì náà wà, torí pé ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ ní kílórínì nínú, kílórínì sì ń jó ẹja níbi tó fi ń mí. Má jẹ́ kó fi ju ìwọ̀n 5 lórí Celsius tutù ju omi ojú adágún lọ. Mo mọ ẹnì kan, ó wà nínú yàrá yìí, n kò ní wo apá ibi tó jókòó sí: odindi àpò omi dídì ló dà lé ẹja lórí. Ẹja gan. Ó ní wọ́n ń sùn.

Máa pààrọ̀ ìdajì omi náà láàárín wákàtí mélòó kan, torí inú ilé ìgbẹ́ wọn ni wọ́n ń mí sí. Fi iyọ̀ lásán sí i, gíráàmù 3 sí 5 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ ara ẹja máa ń jò jáde sómi nígbà tí ikun yíyọ̀ tó bo ìpẹ́ rẹ̀ bá ti bó. Àwọn tó ń ta oògùn aláwọ̀ mèremère inú ìgò yóò sọ pé iyọ̀ nìkan kò tó. Ọmọ wọn lọ sílé ìwé gíga, owó ìwé rẹ̀ kì í ṣe ẹrù ẹja.

Orí kejì, bí a ṣe ń fọwọ́ mú ẹja, kíá ni mo máa sọ ọ́. Rẹ ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án. Má tẹ́ ẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Bó bá tóbi, ọwọ́ kan lágbọ̀n, ọwọ́ kejì lábẹ́ ikùn. Ẹja pọ́n-ùn 7 tí o fi àgbọ̀n nìkan gbé dùbúlẹ̀ fún fọ́tò, àgbọ̀n yẹn lè má ṣeé fi jẹun mọ́. Bí o bá fẹ́ ya fọ́tò, di èémí rẹ mú láti ìgbà tí ẹja bá ti kúrò nínú omi. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan dán an wò. Kó tó wá ibi tí oòrùn ti máa tàn dáadáa sójú rẹ̀, ó ti ń mí gúlegúle.

Mo fẹ́ bọ́ sí orí kẹta ni obìnrin kan nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bass ẹlẹ́nu kékeré, oríṣi bass kan, ni mo máa ń mú ní Odò St. Lawrence, níbi tó jìn tó mítà 10. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa omi yìí ni mo ń ṣe. Síbẹ̀ ẹja mi á yíkùn sókè nínú àpótí. Kí ni mo ṣe é?"

Mo pa ìwé mi dé níbẹ̀, torí kò sí nínú rẹ̀.

Mo ní, ẹ ò ṣe é ní nǹkan kan ju pé ẹ fà á gòkè lọ. Bass ní àpò afẹ́fẹ́ kan nínú ikùn, òun ló fi ń dúró sí ibi tó bá wù ú nínú omi. Ní mítà 10, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó wà lára ẹja jẹ́ ìlọ́po méjì tojú omi. Bí ẹ bá fà á dé òkè, afẹ́fẹ́ inú àpò náà á fẹ́ wú di ìlọ́po méjì. Àwọn ẹja mìíràn lè gùnfẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́nu. Bass kò ní ọ̀nà tó lọ láti àpò náà sí ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló máa rọra gbé e kúrò, ìyẹn sì gba àkókò. Ẹja náà léfòó bíi bọ́ọ̀lù, ó ń fi lẹbẹ walẹ̀ láti padà sísàlẹ̀, oòrùn ń pa á, àárẹ̀ á sì mú un.

Àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ tú afẹ́fẹ́ náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ́. Lọ́wọ́ ẹni tó wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta, abẹ́rẹ́ á gún ohun tí kì í ṣe àpò afẹ́fẹ́. Tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fi òjé kéékèèké tó ní ìdè mọ́ lẹbẹ abẹ́ ikùn rẹ̀, kó lè dúró ṣánṣán nínú àpótí. Ẹ ránti láti tú u kúrò o.

Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò jẹ́ kí n mí. Ọmọdékùnrin ni, ojú rẹ̀ sì le: "Sà, tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń gbé e wá sídìí òṣùwọ̀n fún? Ẹ wọ̀n ọ́n nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀."

Àwọn èèyàn hó. Mo jẹ́wọ́ fún un: òótọ́ lo sọ, ogún ìṣẹ́jú ni mo sì ti fi ń yí ọ̀rọ̀ yẹn ká. Major League Fishing, àjọ mìíràn tó ń ṣe ìdíje bass, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2019 tí ìdíje Bass Pro Tour wọn ti bẹ̀rẹ̀, nínú ọkọ̀ ni òṣùwọ̀n wà, ẹja á sì padà síbi tó ti wá lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń fi kayak, ọkọ̀ kékeré alájẹ̀, díje kò tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pátákó ìwọ̀n, wọ́n á ya fọ́tò gígùn rẹ̀, ó parí. Àwọn alátakò mi ní bí kò bá sí orí ìtàgé, èrò kò ní wá, bí èrò kò bá wá, onígbọ̀wọ́ kò ní sanwó. Ó ṣeé ṣe. Èmi kò ní kí a wó ìtàgé. Nígbà tí omi bá tutù, ẹ gbé ẹja wá, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́. Ní àárín ooru, àti níbi omi jíjìn, inú ọkọ̀ ni kí òṣùwọ̀n wà. Mo rí ojú alága. Mo tún un sọ.

Ni wọ́n bá gbé páálí "ìṣẹ́jú 4" sókè. Orí mẹ́rin ló kù.

Ìtẹ́: akọ bass ló ń ṣọ́ ẹyin. Bí o bá gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n, àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bluegill á ti jẹ ẹyin náà kó tó rọ́nà padà. Bó bá jẹ́ orí ìtẹ́ lo ti mú un, ibẹ̀ náà ni kí o dá a sí lójú ẹsẹ̀.

Màgòmágó: ẹ rántí ìdíje Cleveland ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, níbi tí wọ́n ti ki òjé sínú ikùn ẹja kó lè wúwo sí i. Ẹja mìíràn tó ń jẹ́ walleye ni, kì í ṣe bass, ẹ má fi ìyẹn yangàn.

Ìwà lórí omi: ẹni tó kọ́kọ́ dé ibì kan ló ni ín títí tó fi máa kúrò. Dín eré kù bí o bá ń kọjá lára ọkọ̀ tó dúró. Má to ẹrù rẹ sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà sọ ọkọ̀ sómi.

Omi àpótí: dà á nù, fọ ọkọ̀, jẹ́ kó gbẹ, kí o tó gbé e lọ sí adágún mìíràn. Ẹja pàápàá lè di àlejò búburú. Adágún Biwa ní Japan ni Manabu Kurita ti mú bass kan lọ́dún 2009, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti èyí tí George Perry mú ní Georgia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1932 dọ́gba, èyí tó wúwo jù láyé. Ní adágún yẹn kan náà, òfin kò gbà kí o dá bass padà sómi, torí pé ó ń jẹ ẹja onílé run.

Páálí ti di "ó tó" nígbà tí obìnrin St. Lawrence yẹn tún dìde. Ó ní báwo la ṣe máa wá mọ iye tó ń kú lẹ́yìn ìdíje tiwa gan-an.

Mo ní bí àwọn olùwádìí ṣe ń ṣe é ni: ẹ kó díẹ̀ lára ẹja tí ẹ wọ̀n sínú àgò àwọ̀n nínú adágún náà, ẹ kó àwọn mìíràn tí kò dé orí òṣùwọ̀n rárá sínú àgò kejì, kí ẹ lè mọ èyí tí àgò fúnra rẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ márùn-ún. Ẹ wá kà wọ́n.

Ó yíjú sí alága, ó ní, "Ṣé a lè ṣe é ní ìdíje wa tó ń bọ̀?" Alága wo akápò. Akápò gbójú sókè, ó ń wo àjà.