Níbo ni ọkọ̀ tó ń lọ Mars yóò ti rọ epo? Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó

Ẹ káàbọ̀ o. Ìṣirò ipa ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú niṣẹ́ mi. Lónìí, a fẹ́ yan ibùdó ìrọ epo ní gbalasa òfuurufú.

Ẹ mú bébà. Ẹ má kọ bí ibì kan ṣe jìn sí èkejì o. Eré tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fi kún eré ọkọ̀ ni kí ẹ kọ, torí òun ló ń jẹ epo. Láti orí ilẹ̀ dé ipa ìyípo tó sún mọ́ ayé, eré náà tó kìlómítà 9.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ibẹ̀ bọ́ sọ́nà Mars, 3.6 péré. Ọ̀nà kúkúrú àkọ́kọ́ yẹn, láti orí ilẹ̀, ló ń jẹ epo jù.

Ó yá, ẹ fa ilà sí méjì. Apá òsì, ipa ìyípo ìsàlẹ̀ yìí. Apá ọ̀tún, ojúkò kan tó fi kìlómítà 60,000 àti díẹ̀ kọjá Òṣùpá, tí wọ́n ń pè ní L2. Ọkọ̀ tó bá gbéra níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ já wá sọ́dọ̀ ayé. Nígbà tó bá fi máa dé ẹ̀gbẹ́ ayé, eré rẹ̀ ti tó 11. Ibẹ̀ gan-an la ti ń tan ẹ́ńjìnnì, bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó wá tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀, níbi tí eré ti pọ̀ jù. Àpapọ̀ eré tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò fi kún un láti L2 kò ju bíi 1 lọ.

Ká ní ọkọ̀ wa wúwo tó tọ́ọ̀nù 100, tó ń lo háídírójìn àti ọ́síjìn. Tó bá gbéra nísàlẹ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 44 ló máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí epo bá jó. Láti L2, bíi 80!

Ẹ dúró ná. Ta ló gbé epo dé L2? Bó bá jẹ́ láti ayé ni, ó ti san bíi 3.4 kó tó débẹ̀; èrè wa ti wọmi. Àfi kí epo ti Òṣùpá wá, níbi tó jẹ́ bíi 2.5. Omi dídì wà níbẹ̀ lóòótọ́: lọ́dún 2009, LCROSS, ọkọ̀ ìwádìí NASA, rí i nínú kòtò Cabeus. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi wà á, tí wọn yóò sì sọ ọ́ depo, ìsàlẹ̀ ni èmi yóò máa yàn.

Ìgbésẹ̀ tó kù ni bí ipa ìyípo ṣe dagun sí ìlà agbedeméjì ayé. Ti ISS, ibùdó òfuurufú àgbáyé, jẹ́ 51.6°. Kí ẹ tó yí ọkọ̀ ní 10° péré nísàlẹ̀, ẹ ó san bíi 1.3. Ipa náà gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà Mars mu lọ́jọ́ ìgbéra, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ tún ń yẹ̀ ní nǹkan bíi 5° lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ oṣù 26 ni àkókò àtilọ Mars fi ń yọjú lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ ọjọ́ ìgbéra sókè bébà kí n tó fa ilà kankan. Ọ̀kan bọ́ sí ìparí 2026. Ẹ dá fídíò dúró, kí ẹ fi ìyẹn ṣe tiyín.