Ẹyọ Ọ̀ṣọ́ fún Bọ́dà Ìwé: Etí Ni Ẹ Ó Kọ́kọ́ Yà

Ẹ fojú inú wo bọ́dà kan. Ìtàkùn ló yí ojú ìwé ká, ewé ń tẹ̀ lé ewé, kò sí ibi tó já. Ẹ lè rò pé ẹnì kan ló jókòó yà á lódidi. Rárá o! Ẹyọ méjì péré ni, àwòrán kéékèèké tá a kó sínú fọ́ńtì (àkójọ lẹ́tà kọ̀ǹpútà): ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún igun. Kíbọ́ọ̀dù la fi tẹ ìyókù, bí ìgbà téèyàn ń tẹ lẹ́tà.

Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Robert Granjon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbẹ́ irú àwọn ẹyọ báyìí sórí irin. Bí òǹtẹ̀wé bá yí ọ̀kan lójú, tó dorí òmíràn kodò, tó kó mẹ́rin pọ̀, àrà mìíràn ló máa yọ. Ohun tá a ń wá gan-an nìyẹn: ẹyọ tó lè bá ara rẹ̀ mu, bó ti wù ká yí i. Nígbà tó di 1737, Pierre-Simon Fournier ní Paris gbé ìlànà póìǹtì (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn lẹ́tà) tirẹ̀ jáde, kí irin oríṣiríṣi lè bára mu níwọ̀n. Póìǹtì 6 lọ́nà méjì, ó pé 12 gééré. Bí ìwọ̀n ò bá bára mu, bọ́dà ò ní pàdé ní igun láéláé.

Ó yá, ká kó síṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì fọ́ńtì tuntun, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ FontForge, ì báà jẹ́ Glyphs, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ńtì. Em (gíga àpótí tá a máa ya ẹyọ sí), 1000 yúníìtì. Ascender (òkè àpótí), 800. Descender (ìsàlẹ̀ rẹ̀), −200. Line Gap (àfikún àlàfo láàárín ìlà), òdo. Fífẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 1000. Kerning (àtúnṣe àlàfo láàárín ẹyọ méjì), ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tá a ní báyìí ni àpótí tí gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní póìǹtì 12, póìǹtì 12 ni níbùú, 12 ni lóròó.

Wàyí o, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í rèé. Wọ́n á ya òdòdó kan sáàárín àpótí. Òdòdó náà á rẹwà, kò sírọ́. Wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á di òdòdó mẹ́wàá tí kálukú dá dúró, bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Ìyẹn kì í ṣe bọ́dà. ETÍ NI Ẹ Ó KỌ́KỌ́ YÀ! Àárín ló kẹ́yìn.

Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó ṣe é lè dán an títí táá fi máa kọ mọ̀nà, bí ihò rẹ̀ bá ti wọ́, tẹ́ ẹ sín in sókùn, ṣe ló máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì ti èyí tó wà nítòsí rẹ̀ dànù. Ẹwà ojú rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́. Oríkèé tí ẹyọ kan fi ń pàdé èkejì ni ihò ìlẹ̀kẹ̀ tiwa, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni oríkèé yẹn máa wà? Àárín etí. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀: àpótí wa bẹ̀rẹ̀ láti −200 nísàlẹ̀, ó parí sí 800 lókè. Àárín rẹ̀ lóròó kì í ṣe 500. Ó jẹ́ 300! Mo tún un sọ: 500 sí ẹ̀gbẹ́, 300 sókè. Ẹ kọ ọ́ sórí ògiri.

Ká ní ọ̀pá ìtàkùn wa nípọn tó yúníìtì 60. Ní etí òsì, ẹ fi àmì kan sí 0, 270 (ti ẹ̀gbẹ́ ló ṣáájú, ti òkè ló tẹ̀ lé e), kẹ́ ẹ fi èkejì sí 0, 330. Ní etí ọ̀tún, 1000, 270 àti 1000, 330. Àmì mẹ́rin yìí ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Lẹ́yìn náà, apá tó ń darí ìlà níbi àmì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ nà gbalaja sínú àpótí, kó má gbórí sókè, kó má tẹ̀ sílẹ̀. Bó bá fi díẹ̀ bayìí dagun, ìtàkùn á ní ìkọ́ níbi tí ẹyọ méjì ti pàdé. Ìkọ́ kan ṣoṣo lè bọ́ lójú èèyàn. Àmọ́ èyí ò ní jẹ́ ẹyọ kan o, á máa yọ lẹ́yìn póìǹtì 12, 12, 12, títí dé igun.

Láàárín oríkèé méjèèjì, ẹ ṣe bó ṣe wù yín. Kí ìtàkùn gòkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó hu ewé. Bí ewé bá kọjá etí ọ̀tún, ìyókù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé láti etí òsì ní gíga kan náà. Ẹ fi tó yúníìtì 40 sílẹ̀ láàárín ewé àti ọ̀pá rẹ̀, torí ní póìǹtì 12 kò ju bíi ìdajì póìǹtì lọ, íǹkì sì máa ń tàn lórí bébà. Ìlà tó bá tín-ín-rín ju 20 lọ, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kékeré, ó máa já. Fún ìdí èyí, ẹ ti pinnu póìǹtì tẹ́ ẹ máa lò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa wo ẹyọ kan ṣoṣo! Ẹ tẹ mẹ́fà tẹ̀ léra wọn kẹ́ ẹ tó dá ohunkóhun lẹ́jọ́. Àlàfo funfun tó wà láàárín wọn náà ń ya àwòrán tirẹ̀, ìgbà míì òun lojú máa kọ́kọ́ rí.

Igun ló kàn, ó sì rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Ẹ mú igun ọ̀tún lókè. Ọ̀pá wọlé láti òsì ní 270 sí 330, ó yí, ó gba ìsàlẹ̀ jáde ní 470 sí 530. Ìdá mẹ́rin òbìrípo ni, àárín òbìrípo náà sì wà ní 0, −200. Ìlà òde jìnnà sí i ní 530, ìlà inú ní 470. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 0.5523, iye tó ń mú kí ìlà yí bí òbìrípo: apá ìlà òde á gùn tó 293, ti inú á gùn tó 260. Ó tán. Ewé tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ fi sí i lẹ́yìn èyí.

Ẹ wá yí wọn. Ẹyọ ẹ̀gbẹ́ nílò mẹ́rin: òkè, ọ̀tún, ìsàlẹ̀, òsì. Igun náà, mẹ́rin. Ẹ má yà wọ́n látìbẹ̀rẹ̀, ẹ lo component (ẹ̀dà tó so mọ́ ẹyọ àkọ́kọ́), kó lè jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tún ọ̀kan ṣe, gbogbo wọn á tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ sábà máa ń yí àwòrán lórí àárín àwòrán fúnra rẹ̀, kì í ṣe àárín àpótí. Bí ewé bá wà lókè nìkan, àárín méjèèjì yàtọ̀, oríkèé á sì kúrò nípò. 500, 300! Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sí i fúnra yín.

Tẹ́ ẹ bá yí i báyìí, ewé lókè á kọjú sókè, ti ìsàlẹ̀ á kọjú sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìtàkùn. Fún ohun tó ní orí àti ẹsẹ̀, bí ìkòkò òdòdó, kò dáa rárá, ìkòkò máa dorí kodò.

Ẹ ká iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹyọ 24 níbùú, 36 lóròó, ní póìǹtì 12: ínǹṣì 4 sí 6 nìyẹn, torí póìǹtì 72 ló wà nínú ínǹṣì kan lórí kọ̀ǹpútà. Igun 4, ẹ̀gbẹ́ 112. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹyọ méjì máa gbapò fúnra wọn, ewé, òdòdó, ewé, òdòdó, iye tó wà láàárín igun méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa ṣẹ́ ku ọ̀kan tẹ́ ẹ bá kà á ní méjì-méjì, kí ewé lè wà nítòsí igun méjèèjì. 24 ń fún wa ní 22, kò ṣeé lò. Ẹ sọ ọ́ di 25, kó lè ku 23. Ẹ ṣe òró náà bẹ́ẹ̀: 37, kó ku 35.

Bọ́dà yín já láàárín ìlà? Àlàfo ìlà ni. Ẹ̀rọ ìtòwé púpọ̀ máa ń fi ìdá 120 nínú ọgọ́rùn-ún sí i fúnra wọn, ìyẹn 14.4 fún 12. Ẹ dá a padà sí 12. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ò tò? Bọ́tìnnì àlàfo lẹ fi kún àárín, ẹ ò sì fún òun náà ní fífẹ̀ 1000. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí èyí.

Ó ku ìlà funfun tín-ín-rín tó ń yọ lórí oríkèé. Bí etí ẹyọ méjì bá pàdé láàárín píkísẹ́lì kan (ẹyọ àwọ̀ tó kéré jù lójú kọ̀ǹpútà), ti àkọ́kọ́ á kun ìdajì rẹ̀, ti ìkejì á kun ìdajì èyí tó kù, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ máa rí, ìyókù á dà bí àlàfo. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá kọjá etí pẹ̀lú yúníìtì 4 gbọọrọ, láti −4 dé 1004, kí 270 àti 330 má yẹ̀, àmọ́ FÍFẸ̀ ẸYỌ ṢÌ JẸ́ 1000. Bí àwọ̀ yín bá fúyẹ́ tí nǹkan ń hàn lára rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gun ara wọn lè dúdú jù. Ẹ sọ gbogbo bọ́dà di àwòrán, kẹ́ ẹ sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà gan-an, ní ìwọ̀n gan-an, irú bébà tí ìwé náà máa lò. Ìlà funfun tó ń wá tó ń lọ bẹ́ ẹ ṣe ń sún ojú kọ̀ǹpútà mọ́ra, ti ojú kọ̀ǹpútà ni, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá hàn lórí bébà, ẹ padà sí 270 àti 330, ọ̀kan nínú àmì mẹ́rin yẹn ti yẹ̀.