Ọkọ Tàbí Ọkọ̀: Àwàdà Inú Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Èmi nìkan ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ lónìí, n kò gba àlejò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti ń jà gùdù lọ́kàn mi láti bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni: irú àwàdà tí àwọn tí kò fojú kan ara wọn fún ọdún púpọ̀ ń bá ara wọn ṣe lórí fóònù, tí okùn ọ̀rẹ́ wọn kò fi já.

Ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún 1998 ni mo ní lọ́kàn. Èèyàn 43 ni wá lórí WhatsApp. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn kan wà ní Houston, ní Toronto àti ní Dublin, èmi sì wà ní Manchester níbí. Nígbà tí àwọn ará Houston bá ń palẹ̀ mọ́ láti sùn, ìgbà náà ni àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ wálé, nítorí náà kò sí wákàtí kan lójúmọ́ tí ẹnì kan kò lajú sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ní Toronto kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: "Oko mi baje loju ona. Mo ti pe awon ti yoo wa wo o." Bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹnì kan láti Ìbàdàn ti bi í léèrè pé, "Láti ìgbà wo ló ti bàjẹ́? Ṣé o ti sọ fún àwọn àna rẹ?" Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ebi ló ń pa á. Ọ̀kan nínú wa tí ó ń dáko ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn ní òun bá a kẹ́dùn oko tó bàjẹ́, ó sì béèrè bóyá màlúù ni ó jẹ ẹ́ tàbí ọ̀yà. Ọkọ obìnrin náà, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ kíláàsì wa, kò fèsì rárá títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wá kọ ọ́ pé: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá mi dárò. Wọ́n ti wọ́ mi délé. Bátìrì ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11 tí a bí síbí, ń béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé n kò lè túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún un láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Mo bá fi ohùn kọ ọ́ fún un bí olùkọ́ wa ṣe máa ń ṣe: ọkọ, re re, ọkọ̀, re do, ọkọ́ tí a fi ń roko, re mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá fa oko fúnra rẹ̀ yọ, èyí tí kò ní àmì nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi, ó ṣì wọ́n mọ́ ara wọn, ó tún wọn pè, nígbà tí ó sì di ẹ̀ẹ̀kẹrin, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ra ìwé èdè Yorùbá mẹ́ta fún ọmọ yìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ́ ọ ní ohun tí bátìrì ará Toronto kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Kò sí ẹni tí kò ní orúkọ àlàjẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, nítorí náà owó ni wọ́n fi ń bú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston jẹ́ ọmọ Iléṣà, Òṣómàáló sì ni a ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn mọ̀ pé àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú, tí ọjọ́ ìsanwó bá sì pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde àfi bí wọ́n bá gba owó wọn. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní mo jẹ òun ní náírà 20, owó búrẹ́dì àti àkàrà ọdún 1996. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ni ó máa ń kọ ọ́ sí ojú gbogbo ayé pé, "Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo ti lóṣòó o." Kí ó tó kọ ọ́, yóò kọ́kọ́ béèrè ìyá mi, yóò béèrè bí iṣẹ́ òru ṣe lọ, yóò kí ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìkíni yẹn sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀.

Àṣà orúkọ àlàjẹ́ yìí kò ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀. Nínú agbo ilé, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ tí wọ́n ti bí kí òun tó wọlé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ kékeré. Yóò wò ó dáadáa, yóò wá pè é ní Ìbàdíàrán tàbí Akọ̀wé tàbí Adúmáadán. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni agbára irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà: ẹni tí kò bá tíì wò ọ́ dáadáa kò lè sọ ọ́ fún ọ.

Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, àti láàárín àwọn Yewa, òru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin alágò, máa ń jáde, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé lọ́dún 2001 tó jó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Orúkọ kan náà ni Ẹ̀fẹ̀ àti àwàdà ń jẹ́. Ẹnu Ẹ̀fẹ̀ mú, ó ń fi orin tú àṣírí oníwà burúkú, kò sì bẹ̀rù alágbára. Síbẹ̀ kò jẹ́ la ẹnu àwàdà láìkọ́kọ́ júbà. Ó ń júbà òrìṣà, ó ń júbà àwọn ìyá, ó ń júbà àwọn àgbà. Ìkíni Òṣómàáló ní àárọ̀ Sátidé, ìbà ni lójú mi.

Èmi gbàgbé ìbà lọ́jọ́ kan. A ní obìnrin kan tí a ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé lọ́yà ni lóòótọ́. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 9 ní Abẹ́òkúta kí ó tó wá sí England lọ́dún 2023, tí ó sì ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ nínú aṣọ iṣẹ́, èmi sì sáré kọ ọ́ pé, "Lọ́yà, ta lò ń gbèjà lónìí, ìyá arúgbó ni àbí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà fi àmì ẹ̀rín ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti yí ètò padà, tí ó fi jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ni ó ń fi tó létí bí ẹnì kan bá jáde. A kò mọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni a fi ń dárúkọ rẹ̀, tí a ń bá a ṣàwàdà, tí a ń retí èsì rẹ̀, kí olórí kíláàsì wa tó pè mí lóru láti sọ fún mi.

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé e. Mo bẹ Àǹtí wa, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa, kí ó bá mi bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, Lọ́yà fúnra rẹ̀ pè. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ yẹn ni òun gba èsì ìdánwò tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021 fún ẹni tó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò níbí, òun kò sì yege. Ó ní, "Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ara mi ṣe rí. Lọ́jọ́ yẹn o ò béèrè." N kò wí àwíjàre kankan. Mo bẹ̀ ẹ́, a sì jọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó padà sínú ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí yóò kọ. Gbogbo wa ń wo ojú fóònù, títí Òṣómàáló fi kí i, tí ó béèrè ara àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó wá kọ ọ́ pé, "Lọ́yà, ẹjọ́ wà nílẹ̀ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú jẹ mí ní ogún náírà láti ọdún 1996. Kí ni òfin wí?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fèsì. Ó wá kọ ọ́ pé, "Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ọdún mẹ́fà nílé ẹjọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ti bọ́."

Òṣómàáló ní, "Òfin lè dìde. Èmi ò dìde."