Ẹni Tó Di Iyè Rẹ Mú Lóru Àná

Bíbélì kíkà: Sáàmù 3, Oníwàásù 12:1-7, Lúùkù 23:39-43

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. A kú ewu òru.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ tó gba Ọyìngbò kan, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ pe orúkọ ara yín jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Lálẹ́ àná, ẹ sùn. Fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n mú iná lọ, ẹ ò mọ̀ bóyá òjò rọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó sùn náà ló jí. Orúkọ ìyá yín, gbèsè yín, ẹni tí ẹ fẹ́ràn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbi tí ẹ fi í sí. Ta ló bá yín di iyè yín mú ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀yin fúnra yín kò dì í mú?

Dáfídì mọ Ẹni náà. Ó ní òun dùbúlẹ̀, òun sùn, òun sì jí, nítorí pé Olúwa ló ń ti òun lẹ́yìn. Kì í ṣe orí ìtẹ́ ló ti sọ ọ́ o. Ó ń sá fún Ábúsálómù ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni, kò sì dá a lójú pé ilẹ̀ yóò mọ́ bá òun.

Ìbéèrè tó ń dààmú ọ̀pọ̀ wa lẹ́yìn tí a bá ti ibi ìsìnkú dé, ìbáà jẹ́ Àtàn ní Yábàá, ìbáà jẹ́ Ìkòyí, ni pé: ẹni tí a fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn, ṣé ó ṣì mọ̀? Ṣé ó ṣì jẹ́ òun? Àbí ó ti tán pátápátá? Àwọn baba wa kò gbà pé ó tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sin èrò dé ìdíkọ̀: pé kó má jọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó bá wọn jẹ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde láti bu ọlá fún ẹni ńlá tó lọ, ohun kan náà ni aṣọ funfun wọn ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí Ìwé Mímọ́ wí, ká má fi kún un, ká má yọ níbẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 2:7 sọ pé Ọlọ́run fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, ó mí èémí ìyè sí i nímú, ènìyàn sì di alààyè ọkàn. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà "di". Ọlọ́run kò ju ọkàn sínú erùpẹ̀ bí ẹni ju owó sápò. Erùpẹ̀ àti èémí pàdé, ènìyàn sì wà. Oníwàásù 12:7 tú u padà: erùpẹ̀ a padà sílẹ̀, ẹ̀mí a sì padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run tó fi í fúnni.

Ibí yìí ni àwọn ìjọ ti pínyà, kò sì yẹ ká fi í pamọ́ fún yín. Àwọn kan di Oníwàásù 9:5 mú, pé òkú kò mọ ohunkóhun, wọ́n sì ní oorun ni ikú títí di ọjọ́ àjíǹde. Wọ́n tún ní Jésù fúnra rẹ̀ sọ nínú Jòhánù 11 pé Lásárù sùn. Àwọn mìíràn di ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ fún olè orí àgbélébùú mú, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa kọ báyìí: "Lóòótọ́ ni mo wí fún ọ, lónìí ni ìwọ yóò wà pẹ̀lú mi ní Párádísè." Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì àtijọ́ jùlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àmì ìdánudúró rárá. Bí àmì náà bá wà ṣáájú "lónìí", ọjọ́ yẹn gan-an ni olè náà yóò wọ Párádísè. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni Jésù ń ṣèlérí, kò sì sọ ọjọ́ tí yóò mú un ṣẹ. Yorùbá kò fi àyè iyèméjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ni" kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé "lónìí" ti dá ẹjọ́ náà. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, tó sì jáde lódindi ní 1884, ti yan ọ̀nà kan fún wa kí a tó bí wa.

Èrò tiwa rèé. Ìjà náà kò tó bí a ṣe ń jà á. Láti October 16, 1846, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi éétà, oògùn tó ń múni sùn, ṣe iṣẹ́ abẹ ní gbangba nílùú Boston, àìmọye ènìyàn ti gba oorun iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi ẹni tó bá ti ṣe é rí: dókítà ní kó máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, nígbà tó sì la ojú, ó rò pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ti lọ, lójú tirẹ̀ kò sí àárín rárá. Nítorí náà, bí òkú bá ń sùn, bí kò bá sì sùn, ohun tí onígbàgbọ́ yóò kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́yìn èémí ìkẹyìn ni ojú Olúwa rẹ̀. Pọ́ọ̀lù tó sọ nínú 1 Tẹsalóníkà 4 pé àwọn òkú nínú Kristi sùn, òun náà ló sọ fún àwọn ará Fílípì pé òun ń fẹ́ láti lọ wà pẹ̀lú Kristi. Kò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Ẹ̀yin tó ń wo fídíò àwọn tó ní àwọn kú tí àwọn padà dé, ẹ ṣọ́ra. Ní 2001, dókítà ará Holland kan, Pim van Lommel, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 344 tí ọkàn wọn dáwọ́ lílù dúró, tí wọ́n sì mú sọjí ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá. Àwọn 62 ló rántí nǹkan: ìmọ́lẹ̀, àlàáfíà, ojú àwọn tó ti lọ. Àwọn 282 yòókù kò rántí ohunkóhun. Àwọn olùwádìí mìíràn, tí dókítà Sam Parnia ṣáájú wọn, gbé pẹpẹ ìgbẹ́rùlé kọ́ sókè nítòsí àjà ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi àwòrán lé e, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tó ní òun ń wo ara òun látòkè yóò rí i. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2014, kò sí ẹni tó rí àwòrán kankan. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó sọ pé àwọn ríran, yàrá tí kò ní pẹpẹ ni ọkàn wọn ti dáwọ́ dúró, nítorí náà ìdánwò náà kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre. Ẹ má kọ́ ìgbàgbọ́ yín sórí rẹ̀, ẹ má sì fi àwọn tó rí i ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó padà wá sọ ìtàn kò tíì dé ibi tí Lásárù dé, ẹni tó lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì, tí Bíbélì kò sì kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ pé ó sọ nípa ibẹ̀.

Àwọn kan tún ń wí pé iyè kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn jọ ń mu nínú rẹ̀, bí ilé tó pọ̀ lórí kànga kan, pé bí a bá kú, a kàn dà padà sínú kànga. Àwọn baba wa ní nǹkan tó jọ ọ́ nípa ìbejì: wọ́n gbà pé ẹ̀mí wọn so pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère fún èyí tó bá kú, kí èyí tó kù má bàa tẹ̀ lé e. Ní Kánádà, wọ́n bí àwọn ìbejì kan ní 2006 tí orí wọn lẹ̀ pọ̀, tí ọpọlọ wọn sì so mọ́ra nínú lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń tọ́jú wọn sọ pé ọ̀kan a máa mọ ohun tí ojú èkejì ń rí. Síbẹ̀ ẹni méjì ni wọ́n. Oúnjẹ tí ọ̀kan fẹ́, èkejì kọ̀ ọ́. Bí àwọn tí ọpọlọ wọn so pọ̀ kò bá di ẹnì kan, kí ló fẹ́ sọ èmi àti ìwọ di ọ̀kan? Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. 1 Kọ́ríńtì 2:11 ní kò sí ẹni tó mọ ohun inú ènìyàn bí kò ṣe ẹ̀mí ènìyàn tó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀ pẹ̀lú wa, Sáàmù 139 sì sọ ọ́: kí ọ̀rọ̀ tó dé ahọ́n wa, ó ti mọ̀ ọ́n. Òun náà ni kò ní gbàgbé wa nígbà tí a kò bá lè rántí ara wa mọ́.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wa wà lọ́dọ̀ alààyè, pàápàá ẹni tó ń lọ. Ibí yìí la fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀.

Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Vancouver fi wáyà sí orí àwọn aláìsàn tí ó ku wákàtí díẹ̀ kí wọ́n kú, tí wọn kò dáhùn mọ́. Ọpọlọ àwọn kan nínú wọn ṣì ń dáhùn sí ìyípadà ohùn bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. A kò lè sọ bóyá wọ́n lóye ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n etí àwọn kan ṣì ń gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ara yín: "Màámi, èmi ni, àkọ́bí yín." Ẹ di ọwọ́ wọn mú. Ẹ sún mọ́ etí kan, ẹ má pariwo. Ẹ dúpẹ́ fún ohun kan pàtó tí wọ́n ṣe, owó iléèwé tí wọ́n tà aṣọ láti san, kì í ṣe "ẹ ṣé fún ohun gbogbo". Ẹ tọrọ ìdáríjì, ẹ sì dárí jì wọ́n ní gbangba. Ẹ ka Sáàmù 23: ẹsẹ mẹ́fà péré ni, kò tó ìṣẹ́jú kan. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá mú yín lórí Third Mainland, tí nǹkan bíi kìlómítà méjìlá afárá sì wà láàárín yín, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó gbé fóònù sí wọn létí.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò pọ̀, ó sì burú. Èkíní ni ìjà lórí ìwé ilẹ̀ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé ẹni tó dijú ti di igi. Èkejì ni omi tàbí òróró àdúrà tí a ń dà sí ẹnu ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́. Ọ̀nà èémí ló máa gbà, yóò sì fún un lọ́rùn. Ẹ ki òwú tó mọ́ bọ omi tó mọ́, kí ẹ fi rẹ ètè wọn. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dún hàrà-hàrà, ìtọ́ tí wọn kò lè hú sóde ni. Ẹ dojú wọn kọ ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Èémí á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ogún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á tún padà. Ẹ má figbe ta. Bí ikú ti ń súnmọ́ nìyẹn, kì í ṣe àmì ìyà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ṣàdédé ṣubú, tí kò mí, kì í ṣe ti ìdágbére rárá. Kí ẹnì kan pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀, kó rì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdúró. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ lè máa gbàdúrà bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, kí àdúrà má ṣáà dá ọwọ́ dúró.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ lè gbọ́ ohùn wọn ní kọ́rídọ̀, ẹ lè rí wọn lójú àlá. Orí yín kò dàrú. Ní 1971, dókítà kan ní Wales, Dewi Rees, kéde ohun tó gbọ́ lẹ́nu opó 293, lọ́kùnrin lóbìnrin, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní àwọn ti mọ̀ ọ́n lára pé olólùfẹ́ àwọn wà nítòsí. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sunkún tó bá wá. Ẹ má kàn gbé owó lọ fún ẹni tó ní òun á bá yín pè wọ́n. Diutarónómì 18 kọ̀ ọ́, Sọ́ọ̀lù sì dán an wò ní Ẹ́ńdórì: ó ṣubú gbalaja, ẹni tí kò tíì jẹun tọ̀sán tòru, ọjọ́ kejì ló kú lórí òkè Gílíbóà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹ jókòó, ẹ dákẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ máa ka èémí yín bó ti ń wọlé, bó ti ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ síta.

Olúwa, Ìwọ tí o di iyè mi mú lóru àná, mo dúpẹ́. Èémí tí mo mí báyìí, tìrẹ ni. Má jẹ́ kí n ná an lórí ìjà lónìí.

Olúwa, gbogbo àwọn tó dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù káàkiri Èkó, láti Ìdí-Àràbà dé Erékùṣù, tí wọn kò lè dáhùn ẹnikẹ́ni mọ́, Ìwọ sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣe iṣẹ́ òru, fún wọn ní ọwọ́ tó rọ̀.

Olúwa, ẹni tí mo ń bínú sí, tó ṣì ń gbọ́rọ̀, fún mi ní ìgboyà láti pè é kí n tó wọ ọkọ̀ láàárọ̀ yìí.

Olúwa, èmi tí mo dé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti sé, tí súnkẹrẹ tàbí agídí mú kí n pẹ́, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu mi rèé. Mi ò wá ẹni tí yóò bá mi gbé e lọ. Ìwọ tí ẹni náà wà lọ́wọ́ rẹ, mo kó o lé ọ lọ́wọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.