Ọ́sítẹ́rítì: owó ta ni wọ́n gé?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: austerity, tí àwọn òbí wa sọ di ọ́sítẹ́rítì láyé Ṣàgàrí. Ẹ ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn, àwa náà sì ń sọ ọ́ nílé. Àmọ́ ibi tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò ó sí, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ ká dúró sí.

Ìrẹsì wọ́n, ẹ ó gbọ́ tẹ́nì kan á pariwo pé, "Ọ́sítẹ́rítì ti dé o!" Rárá. Ọ̀wọ́ngógó nìyẹn. Ọlọ́jà jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, kò rí oníbàárà kankan. Ọ̀dá owó nìyẹn. Ọ́sítẹ́rítì ni ìgbà tí ìjọba wo àpò rẹ̀, tó rí i pé owó tó ń wọlé kò kájú ìnáwó òun mọ́, tàbí pé gbèsè ti pọ̀ jù, tó wá pinnu láti gé ìnáwó rẹ̀ kù, tàbí láti fi kún owó orí, tàbí láti ṣe méjèèjì pọ̀. Ìpinnu ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ÌPINNU NI! Ẹnì kan ló jókòó, tó mú bírò, tó fa ìlà sórí nǹkan kan nínú ètò ìṣúná. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀: kí ni wọ́n gé? Owó ta ni wọ́n gé?

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín 1980 sí 1982, epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń wà já wálẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 àgbá lójúmọ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3, iye tí wọ́n ń rà á lọ́jà àgbáyé náà sì ń rẹlẹ̀. Ṣé ọ́sítẹ́rítì nìyẹn? Kì í ṣe òun. Ohun tó fà á nìyẹn. Oṣù kẹrin 1982 ni ọ́sítẹ́rítì fúnra rẹ̀ wọlé, nígbà tí Ààrẹ Shehu Ṣàgàrí gbé òfin kan lọ bá àwọn aṣòfin, Economic Stabilization Act. Òfin yẹn fún ọjà òkèèrè lọ́rùn: owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ìyẹn owó orí ọjà tó ń wọlé láti òkèèrè, lọ sókè, ọ̀pọ̀ ọjà ò ṣeé kó wọlé mọ́ láìgba láísẹ́ǹsì, owó òkèèrè tí arìnrìn-àjò lè gbà ní báńkì dín kù. Kò pẹ́ tí mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ fi di ohun téèyàn ń tò fún. Nígbà tí Buhari gbàjọba ní ìparí 1983, òun náà ò dẹwọ́: ní 1984, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló gba ìwé "máa lọ sílé". Lẹ́yìn náà ni Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan.

Ìyá mi, títí dòní, tó bá fẹ́ bu mílíìkì sínú ògì, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilé kún fún mílíìkì o! Ó ní ìgbà yẹn ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ láti máa wò ó.

Ó dáa, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í wá dé. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó 200 náírà l'Ékòó fò lọ sí nǹkan bíi 500. Ṣé ọ́sítẹ́rítì ni? Bẹ́ẹ̀ ni, torí ìnáwó tí ìjọba ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló gé. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, ọjà òkèèrè sì gbówó lórí. Ṣé ọ́sítẹ́rítì nìyẹn náà? Rárá! Ìjọba ló pinnu rẹ̀ lóòótọ́, ó sì dùn wá dé egungun, ṣùgbọ́n wọn ò gé ìnáwó kankan níbẹ̀, wọn ò sì fi kún owó orí. Ìnira nìkan ò tó. Ìpinnu nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ kan ÀPÒ ÌJỌBA kó tó jẹ́ ọ́sítẹ́rítì. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Àkàwé kan wà tí inú mi kì í dùn sí rárá. Àwọn olóṣèlú á ní ìjọba dà bíi baálé ilé: tówó bá dín kù, kó dín ẹran kù nínú ọbẹ̀, ó parí. Kò parí! Tí baálé ilé kan ní Mọ́kọ́lá bá dín ẹran kù, alápatà á rí ẹlòmíì tà fún, owó oṣù baálé náà ò sì ní tìtorí ìyẹn dín kù. Ìjọba ńkọ́? Ó gé owó olùkọ́, olùkọ́ ò ránṣọ mọ́. Télọ̀ ò rí owó ilé san. Ọlọ́jà ò tà. Owó orí tí ìjọba ì bá gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn wá dín kù. Owó tí ìjọba ń ná, owó tó ń wọlé fún ẹlòmíì ni! OWÓ TÍ ÌJỌBA Ń NÁ, OWÓ TÓ Ń WỌLÉ FÚN ẸLÒMÍÌ NI!

Ẹ wo ilẹ̀ Gíríìsì. Ní 2010, gbèsè bò wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, ṣèlérí láti yá wọn ní bílíọ̀nù 110 yúrò, lórí àdéhùn pé wọ́n á gé ìnáwó. Wọ́n gé owó oṣù, wọ́n gé owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n gbé VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, lọ sí ìdá 23 nínú 100. Nígbà tó fi máa di 2013, nǹkan bí èèyàn 27 nínú 100 tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kò ríṣẹ́, ọrọ̀ ajé wọn sì ti sún kì ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Gbèsè yẹn wá wúwo lọ́rùn wọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́dún yẹn náà, Olivier Blanchard, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé IMF, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpalára tí gígé ìnáwó ṣe ju bí àwọn ti ṣírò rẹ̀ lọ. Keynes, gbajúmọ̀ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ti sọ ọ́ láti 1937: ìgbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé ló yẹ kí ìjọba ṣọ́wó ná, kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá le. Mi ò ní kí ìjọba máa yáwó láìwẹ̀yìn o. Àsìkò tí wọ́n gé e, àti ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀, ni mò ń sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, ẹ ti mọ èyí lára. George Osborne, mínísítà ìṣúná wọn nígbà yẹn, ka ètò ìṣúná rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2010: owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbà ju 21,000 pọ́n-ùn lọ́dún ò ní lọ sókè fún ọdún 2, VAT á kúrò ní 17.5 lọ sí 20. VAT yẹn, olówó ń san án, tálákà ń san án, àmọ́ ẹni tó ń ná gbogbo owó rẹ̀ tán lọ́jà ló ń ni lára jù.

Ìlò rẹ̀ nílé wá ńkọ́? Kò burú. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín pinnu pé ẹ ò ra aṣọ ẹbí lọ́dún yìí, ẹ lè sọ pé, "Mo ti kéde ọ́sítẹ́rítì nílé mi," gbogbo wa á gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀gá yín ni ò san owó oṣù, ẹ má pe ìyẹn ní ọ́sítẹ́rítì. Gbèsè ló jẹ yín.