Bí Orúkọ Ọmọ Bá Yàtọ̀ sí Tiyín ní Ibodè
Ẹ wo ìyá yìí ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú ní London. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú. Adébáyọ̀ ló wà nínú páspọ́ọ̀tù ìyá, Ògúndélé ló wà nínú ti ọmọ. Aṣọ́bodè na ọrùn wo ọmọ nísàlẹ̀, ó ní: "Ta lẹni yìí sí ẹ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Láti ọdún 2009 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún wọn láti máa dáàbò bo ọmọdé. Ẹni tó jí ọmọ gbé náà lè di ọwọ́ rẹ̀ mú kó sì máa rẹ́rìn-ín.

Páspọ́ọ̀tù Britain kì í ní orúkọ òbí nínú. Ìwé ẹ̀rí ìbí ló máa so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: oríṣi méjì ni wọ́n ń fúnni ní England. Èyí tó kúrú kò ní orúkọ bàbá tàbí ìyá rárá. Èyí tó kún, tó ní orúkọ òbí, ni kẹ́ ẹ mú dání. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó tàbí ìkọ̀sílẹ̀ ló yí orúkọ yín padà, ẹ fi ìwé ìyẹn kún un.

Bí bàbá ọmọ bá ní ẹ̀tọ́ òbí lábẹ́ òfin, tí kò sì bá yín lọ, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀: ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ọjọ́ ìlọ, ọjọ́ àbọ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Lábẹ́ òfin England, ẹni tó mú ọmọ kúrò ní Britain láìgba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́jọ́ ìjọ́mọgbé, kódà bó jẹ́ òun ló bí i.

Tàwa Yorùbá tún wá lọ́tọ̀. Àbúrò ìyá, mọ́mì ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá, mọ́mì ni. Nílé míì, Fákúnlé ni bàbá àgbà ń jẹ́, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di Olúkúnlé. Aṣọ́bodè ò mọ ìtàn yẹn. Bó bá jẹ́ àbúrò ìyá ló mú ọmọ rìnrìnàjò, tí ọmọ ní "mọ́mì mi ni," tí lẹ́tà àwọn òbí rẹ̀ sì ní àbúrò ìyá ni, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Lálẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, ẹ pe ọmọ jókòó: "Bí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé àbúrò mọ́mì mi ni." Kó tún un sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má kó àwọn ìwé náà sínú àpótí tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè lẹ máa kọ́kọ́ dé, kẹ́ ẹ tó gba àpótí. Báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà.