OPL 245: Ta Ni Shell àti Eni Sanwó Fún Gan-an?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. OPL 245, ibi tí epo wà lábẹ́ ibú òkun, la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹni tí Abacha jẹ́ fún yín, ẹ mọ̀ ọ́n.

Oṣù kẹrin ọdún 1998 ni. Dan Etete ni mínísítà epo. Wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Malabu. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbé ìwé àṣẹ OPL 245 lé e lọ́wọ́. Mílíọ̀nù 20 dọ́là ló yẹ kí wọ́n san. Mílíọ̀nù 2 ni wọ́n san!

Ẹ wá wo àwọn tó nípìn-ín nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Mohammed Sani. Mohammed Sani wo? Ọmọ Abacha ni! Wọ́n kàn fi "Abacha" sílẹ̀ nílé ni. Òmíràn ń jẹ́ Kweku Amafegha. Ẹ má wulẹ̀ wá ìyẹn káàkiri, orúkọ ìbòjú ni. Lọ́dún 2013, adájọ́ kan ní London ní Etete ní ìpín tó jọjú nínú Malabu látìbẹ̀rẹ̀. Mínísítà tó ń pín in náà ló tún nawọ́ gbà á.

Apá tí mo fẹ́ràn jù rèé o. Abacha kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Nígbà tó yá, orúkọ ọmọ rẹ̀ poora nínú ìwé Malabu. Bàbá wà láyé, ọmọ wà nínú ìwé. Bàbá kú, ọmọ di àwátì. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ó ní ìpín òun dà?

Kíá kíá báyìí: 2001, ìjọba Ọbásanjọ́ gba ìwé àṣẹ yẹn lọ́wọ́ Malabu. 2002, ó bọ́ sọ́wọ́ Shell. 2006, wọ́n tún dá a padà fún Malabu. Ìjà, ẹjọ́, ìjà. Ó di 2011, Shell àti Eni, ilé iṣẹ́ epo ilẹ̀ Ítálì, wá ra OPL 245.

Ẹ dúró níbí. Ẹ DÚRÓ! Ibí ni gbogbo yín ti máa ń ṣì í. Ẹ ó ní "Shell àti Eni ka owó lé Etete lọ́wọ́." Wọn ò kà á lé e lọ́wọ́!

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ tó ní ìjà nínú. Ẹ̀rù ń bà yín láti bá onílẹ̀ ṣe tààrà, ẹ wá kó owó fún baálẹ̀. Baálẹ̀ fọwọ́ sí ìwé fún yín, ó sì yíjú sí ẹ̀yìn, ó gbé owó fún onílẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ó ní baálẹ̀ lẹ sanwó fún. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ibi tí owó ń lọ?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Àpapọ̀ owó náà tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ àkáǹtì ÌJỌBA ÀPAPỌ̀ ní báńkì JP Morgan ní London. Mo tún un sọ: àkáǹtì ìjọba! Láti ibẹ̀ ni nǹkan bíi mílíọ̀nù 800 dọ́là ti kọjá sí àkáǹtì Malabu nílé níbí. Ìjọba Jonathan ló wà lórí àléfà nígbà náà. Ẹni tí kò bá mọ ìrìn owó yìí kò lè lóye ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e, nítorí ohun tí Shell àti Eni ń tẹnu mọ́ ni pé ìjọba làwọn bá ṣòwò.

Wọ́n fẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kàn wọ́n, ẹjọ́ náà sì dé Milan, ní Ítálì. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, kóòtù dá gbogbo wọn láre: Shell, Eni, Etete náà pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ "olè!" síbi kọ́mẹ́ǹtì, ẹ rántí ìyẹn.

Mo sì ti mọ ẹni tó máa ní, "Ṣebí Paris ti dá Etete lẹ́bi?" Òótọ́ ni, lọ́dún 2007, lórí owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó fi ra ilé ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ OPL 245.